Ẹni tó mọ àlejò gbà lọ́jọ́ Iléyá, kí ló dé tó ń lé oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù?

Bí Iléyá bá dé, kò sí ilé tí wọ́n ti pa àgbò nílẹ̀ Yorùbá tí àlejò máa wọ̀ tí wọn ò ní dá a lóhùn. Kó tó jókòó, wọ́n ti nu àga fún un. Kó tó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun, omi tútù ti dé iwájú rẹ̀. Ìyàwó ilé tó ti wà nídìí iná láti ìdájí, tí èéfín ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, ṣì máa kúnlẹ̀ kí bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á sì béèrè bóyá àmàlà ni kí òun gbé wá ni tàbí ìrẹsì. Bí ọbẹ̀ bá ń lọ sópin nínú ìkòkò, àwọn ará ilé á fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i ní kọ̀rọ̀, àlejò kò ní mọ̀.

Ẹ wá wo obìnrin kan náà lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tó bá ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Oníbàárà dé, ó kí i. Ó dáhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Oníbàárà béèrè iye tí wọ́n ń ta páálí mílíìkì kan, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" Wọ́n dúnàádúrà títí, oníbàárà ní òun ń bọ̀, ni ìyá ọlọ́jà bá pòṣé, ó ní àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ló máa ń da òun láàmú láàárọ̀. Bí oníbàárà bá tiẹ̀ rà á, ohun tó máa gbọ́ gbẹ̀yìn ni, "Kò sí ṣéńjì o."

Kì í ṣe pé obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì sí ẹni tó rán an lọ sí yunifásítì kó tó mọ̀ ọ́n. Àwọn báńkì àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ń náwó lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè mọ ìdajì ohun tí ìyá yìí ń ṣe nílé rẹ̀ láì ronú sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé ló ń fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ sí bó bá ń lọ sọ́jà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn lédè òyìnbó pé ọba ni oníbàárà, ọba ọ̀hún á sì wà lórí ìdúró fún ogún ìṣẹ́jú láìrí àga jókòó.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Àlejò tí wọn kò tọ́jú lọ́jọ́ Iléyá kò ní dákẹ́. Á sọ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á pe ìyàwó ilé lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà lè di ohun tí gbogbo ẹbí á máa sọ títí Iléyá mìíràn á fi dé. Orúkọ ilé wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń ṣọ́ra. Oníbàárà ní tirẹ̀ kò ní pe ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló máa rọra gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ, bó bá sì ń kọjá níwájú ìsọ̀ àkọ́kọ́, á tún máa kí i pé, "Ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè." Ọlọ́jà kò ní mọ̀ pé òun ti pàdánù rẹ̀. Á ní ọjà ló dáwọ́ dúró, á ní ìlú le.

Òótọ́ ni pé ìlú le. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye náírà sì já wálẹ̀ lọ́dún kan náà, owó tí èèyàn ń mú lọ sọ́jà kì í ra nǹkan púpọ̀ mọ́. Ìṣirò àjọ NBS fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 gbé ọ̀wọ́n gógó ọjà sí ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ padà lọ́dún 2025. Ẹni tó bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ kì í sáré náwó. Á yí ọjà ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó tọwọ́ bàpò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ alágbàtà kan náà ni àwọn tó wà nínú ìlà kan lọ́jà ti ń kó ọjà, kò sí ẹni tó lè fi owó púpọ̀ dín ju ẹnì kejì lọ. Ohun tó kù tí wọ́n lè fi yàtọ̀ síra ni bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn. Kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn èèyàn jù ni ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ, pàápàá lásìkò ọdún.

Kò sí ìyá kan tó máa pe igba èèyàn wá jẹun nígbà tó mọ̀ pé ìkòkò òun kò lè bọ́ ju ọgọ́ta lọ. Kó tó ránṣẹ́ pe èèyàn, ó ti ka orí wọn, ó ti mọ iye kóńgò ìrẹsì tó máa lọ sí i, ó ti mọ ẹni tó máa yá òun ní ìkòkò ńlá. Aránṣọ ni kì í ka nǹkan kan. Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan, aṣọ tó bá dé ló ń gbà, gbogbo ẹni tó gbé e wá ló sì ń sọ fún pé, "Ẹ má mikàn, á ti jáde ṣáájú ọjọ́ náà."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní aránṣọ kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì lè parí aṣọ mẹ́ta lóòjọ́, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún wọn ní ọjọ́ 24, ìyẹn aṣọ 72. Kí wọ́n yọ ọjọ́ tí iná kò ní sí tí epo jẹnẹrétọ̀ kò sì ní tó, ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa bàjẹ́, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan máa ṣàìsàn. Ká ní ọjọ́ mẹ́rin ló bá ìyẹn lọ, aṣọ 60 ló kù. Bó bá gba ẹyọ kan lé lórí 60 yìí, ẹnì kan ló ti ń tàn jẹ, yálà ẹni tó gbé èyí tó gbẹ̀yìn wá tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá wá gba 100, èèyàn 40 ló ti ṣètò láti já kulẹ̀, kò kàn tíì mọ àwọn tí wọ́n máa jẹ́ ni. Owó ìlẹ̀kẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ wọn ti tán kí ọjọ́ ọdún tó pé.

Kì í sì í ṣe pé ọjọ́ náà ń bá èèyàn lójijì. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijjah ni Iléyá, ọdọọdún ló sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 sún síwájú nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí lọ́dún 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà lọ́dún 2025. Ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà lára ògiri lè mọ èyí tó ń bọ̀ kí oṣù tó lé, ìyàtọ̀ kò ní ju ọjọ́ kan lọ. Kérésì kò tiẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá rí, síbẹ̀ ọdọọdún ló ń ṣe àwọn aránṣọ kan bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti ọ̀run.

Ẹni tó bá rán aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tó wà nínú ewu yìí jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba níbẹ̀, àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, á sì jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí wọ́n ti yàn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá jáde kò lè wọ òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó ti di ẹni tó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, lẹ́yìn tó ti ra aṣọ, ra fìlà, ra ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa bi í pé ta ló bá a rán an. Bí ẹ̀gbẹ́ kan tó ní èèyàn 50 bá ti gbọ́ orúkọ aránṣọ kan báyìí, kò tún sí ìpolówó tó lè fọ orúkọ ọ̀hún mọ́. Láti ìgbà tí àwòrán Ojúde Ọba ọdún 2024 sì ti tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú tó ń wo ibẹ̀ ti kúrò ní ti Ìjẹ̀bú nìkan, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ bá ṣeé gbára lé lásìkò yẹn lè rí iṣẹ́ ọdún mìíràn gbà kí wọ́n tó kúrò ní pápá.

Ká tiẹ̀ ní iṣẹ́ ti bọ́ sórí, aṣọ kò sì ní lè jáde mọ́. Ìyàwó ilé tó rí i pé ìrẹsì kò ní kárí kì í ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra. Á tètè gbé òmíràn kaná, tàbí kó rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì, tàbí kó lọ bá ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Ohun tí aránṣọ ń ṣe ni pé ó ń pa fóònù. Bẹ́ẹ̀, bí Iléyá bá ti ku ọjọ́ 10, ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé aṣọ báyìí kò ní ṣeé ṣe. Bó bá pe oníbàárà lọ́jọ́ náà, tó bẹ̀ ẹ́, tó dá aṣọ àti owó rẹ̀ padà, oníbàárà á bínú, àmọ́ ó ṣì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èyí tó gbọ́ lálẹ́ ọdún ló ń di ìjà tí wọ́n fi ń fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Ọgbọ́n kan tí kò sì ṣòro ni pé kí aránṣọ kọ ọjọ́ méjì sínú ìwé fún aṣọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí oníbàárà máa wá wọ̀ ọ́ wò, àti ọjọ́ tó máa gbé e. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí ló máa tú àṣírí iṣẹ́ tó bá ti ń falẹ̀.

Yàtọ̀ sí ti aránṣọ, ọ̀rọ̀ mo-gbọ́-mo-yà tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí ọlọ́jà rò. Ṣàṣà ni ìnáwó tí wọn kì í dé. Kò sí ẹni tó pè wọ́n, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ wọ́n á rí àwo oúnjẹ gbà, nítorí pé olúwa-ilé kò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ọ̀gá òun ni tàbí àna àbúrò òun. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní òun kàn fẹ́ wo ọjà ni mo-gbọ́-mo-yà ọlọ́jà. Bóyá lóòótọ́ ni kò lówó lónìí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé nílẹ̀ òkèèrè ló rán an kó wá wo iye tí wọ́n ń ta á. Ẹni tó bá dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú kò mọ ohun tó lé lọ. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 tó sì gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí iye ọjà hàn sí ẹni tó fẹ́ rà á, kí wọ́n má sì gbà ju iye tó wà níbẹ̀ lọ. Ọjà ìdúnàádúrà tiwa kò tíì ka òfin yìí sí, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó ní kí wọ́n fi ìbéèrè dáhùn ẹni tó béèrè iye ọjà.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́ tún ti dá ìjà tuntun sílẹ̀. Nígbà tí báńkì àpapọ̀, CBN, pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà ní ìparí ọdún 2022, tí owó bébà wá di ohun àwátì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn alátẹ̀ tí kò gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí fi tipátipá kọ́ ọ. Ó ti wá di bárakú. Oníbàárà á fi owó ránṣẹ́, fóònù rẹ̀ á ní ó ti lọ, ti ọlọ́jà kò ní dún. Ibí yìí ni ìsọ̀ mìíràn ti ń di àgọ́ ọlọ́pàá: "Ẹ má kúrò níbẹ̀ yẹn o!" lójú gbogbo ọjà. Kò sí ẹni tó ní kí ọlọ́jà gbé ọjà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì wọlé, nítorí àwọn oníjìbìtì tó ń fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú ra ọjà wà nígboro. Kó má tiẹ̀ gbára lé ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sórí fóònù nìkan, kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ gan-an. Àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń dúró, àga wà níbẹ̀, omi inú ọ̀rá kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ mu omi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀" kò dín ìṣọ́ra kù rárá. Ọjà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kí wá ni ká sọ bí àlejò bá rí irun nínú ọbẹ̀? Kò sí ilé tí wọ́n á ti bi í pé ṣé kì í ṣe irun orí tirẹ̀ ni. Wọ́n á gbé àwo kúrò, wọ́n á tọrọ àforíjì, wọ́n á bu òmíràn, ẹran tuntun náà sì máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé tó wà lára ògiri ni pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Òfin ọdún 2018 yẹn kan náà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó bá lábùkù padà, ìwé ara ògiri kò sì lè pa òfin rẹ́. Ẹni tó ta áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná, tó pààrọ̀ rẹ̀ láìjà, pàdánù áyọ́ọ̀nù kan, bóyá kò tiẹ̀ pàdánù rẹ̀ bí òun náà bá dá a padà fún alágbàtà tó kó o lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jà pàdánù gbogbo àdúgbò oníbàárà náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò tó bá bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Ìyàwó ilé mọ̀ pé bàbá kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti yọ ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó fi iyọ̀ sí èyí tó kù. Ó mọ̀ pé ìyá kan kì í jẹ ẹran àgbò, ẹja ló dín fún un. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí ni. Ọlọ́jà tí oníbàárà rẹ̀ pọ̀ kò lè há a sórí, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé kan tó fún un: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ohun tí ẹni náà ń rà, ìwọ̀n bàtà ọmọ rẹ̀, iye ìgbà tó ń ra afẹ́fẹ́ ìdáná. Onígáàsì tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni sìlíńdà ilé báyìí ń lò, tó pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò ní bá ẹnikẹ́ni du oníbàárà yẹn mọ́.

Wọ́n tún máa ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ nílé lọ́jọ́ Iléyá. Èyí máa wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí máa gbé omi, èyí máa kó àwo. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá á jáde, á fi ọmọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí kò mọ ju "Ọ̀gá ò sí" lọ. Kí wọ́n kọ iye ọjà sílẹ̀ fún un, kí wọ́n sì sọ iye tó lè dín, ó parí.

Ibi tí àlejò àti oníbàárà ti wá yàtọ̀ síra ni pé àlejò kì í sanwó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí inú wọn dára ni àwìn ti lé kúrò lọ́jà, nítorí wọ́n gbé ojú àlejò wo ẹni tó yẹ kó sanwó. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ pé rárá. Èyí náà, ẹni tó ń gba àlejò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n bá òun di ẹran itan odindi lọ sílé, ìyàwó ilé kì í pariwo lé e lórí, kò sì ní gbé itan fún un. Á wọlé, á di ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká sínú ọ̀rá, á fi ẹ̀rín gbé e jáde. Ọlọ́jà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n ta kóńgò ìrẹsì kan fún òun láwìn, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ìdajì lọ, kí wọ́n wọn ìdajì kóńgò fún un, kí wọ́n gba owó rẹ̀, kí wọ́n sì fi ènì agolo mílíìkì kan lé e. Ènì yẹn mọ níwọ̀n, ọlọ́jà ti ka iye rẹ̀ mọ́ èrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbèsè kò wọ inú ìwé, ẹni náà sì ń kí i pé ẹ ṣeun bó ṣe ń lọ.